Aṣọ Funfun Lẹ́yìn Ilé Bọ́ílà

Ọmọ mi ọkùnrin kì í sùn lọ́sàn-án. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ fíríìsà títúnṣe ló ń ṣe ní Agége níbí, iṣẹ́ tó ń jẹ ẹ̀yìn ni, síbẹ̀ bí oòrùn bá mú tí gbogbo ará ilé fẹ̀yìn lélẹ̀, orí àga ló máa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ á là rekete bí ojú ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Bí ibà bá mú un, á jókòó. Nínú ààwẹ̀, tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sùn kalẹ̀ sí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, á jókòó. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé, "Màmá, ọmọ yín yìí, ṣé wọ́n fi igi ti ìpéǹpéjú rẹ̀ ni?" A ó rẹ́rìn-ín. Èmi mọ ohun tó ti í.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun sí i lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń sọ pé bàbá rẹ̀ ló sùn lẹ́nu iṣẹ́ tí bọ́ílà fi bẹ́ mọ́ ọn. Wọn kì í ṣe ọmọ burúkú. Ohun tí wọ́n gbọ́ nílé wọn ni wọ́n ń sọ. Èmi tí mo jẹ́ ìyá rẹ̀ kò sọ pé bàbá rẹ̀ sùn, n kò sì sọ pé kò sùn. Mo kàn ń fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ni, mo sì ń sá a sínú yàrá.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí kò gùn, ó kàn wúwo ni, nítorí náà n óò rọra gbé e.

Ilé iṣẹ́ súìtì kan wà ní Orẹ́gùn nígbà náà. Kò sí mọ́; ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ń ṣọ́ bọ́ílà, ibẹ̀ náà ni èmi ti ń fọ aṣọ. A máa ń jáde ní Agége tòun tèmi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a ó fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, a ó wọkọ̀ díẹ̀. Òórùn míńtì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu géètì. Ó máa ń wọ inú irun wa, ó ń wọ inú oúnjẹ, ó ń bá wa wọ orí ìrọ̀rí. Ọmọ wa máa ń fi imú ti bàbá rẹ̀ lọ́rùn, á ní, "Bàbá, ẹ bù fún mi nínú súìtì tó wà lọ́rùn yín."

Fún ẹni tí kò rí bọ́ílà rí: ìkòkò irin ńlá ni, ó dùbúlẹ̀ bí àgbá, ó gùn tó ọkọ̀ akẹ́rù. Iná epo dúdú ń jó nínú ihò irin kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá, omi ló sì yí ihò náà ká. Omi á hó, ooru rẹ̀ á gba páìpù lọ se ṣúgà nínú ilé. Òfin kan ló wà níbẹ̀: omi kò gbọ́dọ̀ tán. Bí omi bá tán tí iná ṣì ń jó, irin á pọ́n, á rọ̀, á ya. Obìnrin tó bá ti gbàgbé ẹ̀wà lórí iná rí mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdajì tó kù ni pé ìkòkò ẹ̀wà kì í pànìyàn.

Ọkọ mi mú mi wọlé lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ló ń bá mi ṣọ́ ọ," ó ní. "Gíláàsì yìí ń fi hàn mí bí omi ṣe ga tó. Bí omi bá relẹ̀, aago yìí á dún. Bí mo bá di etí sí aago, ohun tó wà nínú àpótí kékeré yìí á pa iná fúnra rẹ̀."

"Kí wá ni wọ́n gbà yín fún?"

"Kí n lè máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wò mí."

Mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé ara òpó irin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn so mọ́, bí ẹ̀wù mẹ́ta lórí ìkọ́ kan. N kò rò ó kọjá bẹ́ẹ̀. Òun náà kò rò ó.

Omi kànga ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yẹn pọ́n bí omi ìdí àdá tó dógùn-ún. Ìdọ̀tí rẹ̀ máa ń sìlẹ̀ sí ìdí òpó tí mo sọ yìí. Nítorí náà wọ́n ṣe páìpù ìdọ̀tí sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ọkọ mi máa ṣí i lójoojúmọ́ ní agogo mẹ́wàá, kí omi gbígbóná lè fọ ẹrẹ̀ náà jáde. Páìpù yẹn gba ara ògiri já sẹ́yìn ilé, ó dojú kọ gọ́tà.

Ẹ̀yìn ilé yẹn gan-an ni mo ta okùn aṣọ mi sí.

Ọgbọ́n ni mo pè é. Kóòtù funfun ni gbogbo àwọn tó ń ṣe súìtì ń wọ̀, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, mo ń fi búlúù sí i, mo ń sá a. Ní ìgbà òjò, kò sí ibi tí aṣọ ti ń gbẹ ní Orẹ́gùn àfi ẹ̀yìn ògiri bọ́ílà, nítorí ògiri yẹn máa ń gbóná bí ẹ̀yìn ọmọ tí ibà mú. Àmọ́ bí agogo mẹ́wàá bá lù, "ṣíììììì", omi pupa á tú jáde lára ògiri, á ta sára kóòtù. Àbàwọ́n irin ni. Ọṣẹ kò lè mú un. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò mú un tán. Ọ̀gá obìnrin kan wà tó ń yẹ aṣọ wò. Bó bá rí àmì tó-tò-tó kan lápá kóòtù, á jù ú sílẹ̀ sínú eruku níwájú mi, yóò ní kí n tún un fọ̀.

Mo lọ bá ọkọ mi lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ tún ti tutọ́ sí mi láṣọ."

"Èmi kọ́. Bọ́ílà ló tutọ́."

"Kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín onírin yìí wá ibòmíràn tutọ́ sí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáàmù Fọṣọ, ẹ jọ̀wọ́, orogún yín kò gbọ́ èdè."

Mo ní kó má ṣí páìpù ní ọjọ́ Ajé àti Àlàmísì, ọjọ́ tí mo ń sá aṣọ. Ó fọwọ́ ha ọrùn. Ó ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ní kí òun máa ṣí i. Mo dáhùn. Mo ti ń gbọ́ ìdáhùn mi yẹn láti gbogbo ọdún yìí wá, bí mo bá ń gbálẹ̀, bí mo bá ń ṣàlùwàlá. Mo ní, "Ṣé ọjọ́ méjì ni yóò pa wá?"

A wá fi ẹnu kò. Fèrèsé lúfà kékeré kan wà lára ògiri bọ́ílà, ooru ti bo gíláàsì rẹ̀ funfun, àmọ́ ènìyàn lè rí òjìji nǹkan nítòsí rẹ̀. Bó bá di agogo mẹ́wàá, á wo ìta. Bó bá rí funfun lórí okùn, kò ní ṣí i. Bí okùn bá ṣófo, á ṣí i. Ó rọrùn. Kò sí pé à ń ránṣẹ́ síra wa. Ó sì dára fún oṣù mélòó kan. Bí kò bá ṣí i lónìí, á ṣí i lọ́la, ẹrẹ̀ á jáde.

Nígbà tí òjò wá le, àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ náà mọ̀ pé ògiri yẹn ń gbóná. Mo dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ápúróònù àti aṣọ ìnuwọ́ lórí okùn tí mo fi ọwọ́ mi ta. Mo sọ̀rọ̀. Èyí tó lẹ́nu jù nínú wọn ní, "Ìyá, ṣé bàbá yín ló kọ́ ògiri ni?" Ní Èkó, ààyè tí èèyàn kò bá fi nǹkan lé, ti ẹlòmíràn ni. Bí a bá tò síbi omi, òkúta la fi ń gba ààyè. Bí a bá dìde lórí bẹ́ǹṣì, gèlè la fi ń gba ààyè. Kò sí ẹni tó kọ́ mi, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo bá mú kóòtù mẹ́ta tó ti gbó, tí apá wọn ti já, tí wọ́n ní kí n sọ di àkísà, mo fi kọ́ sórí okùn mi. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá ní aṣọ láti sá, mo máa ń sún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá kó aṣọ mi tán, mo máa ń tún wọn tẹ́ kí wọ́n gba okùn.

N kò sọ fún ọkọ mi. Kì í ṣe pé mo fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ àkísà ni. Ta ló ń délé sọ ọ̀rọ̀ àkísà fún ọkọ?

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ń wo ìta ní agogo mẹ́wàá, tó ń rí funfun. Ọjọ́ Ajé, funfun. Àtàláátà, funfun. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, èkejì lọ, ẹ̀kẹta. Ó ń pa àdéhùn mọ́.

Àlàmísì ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sórí ọpọ́n ọṣẹ, apá mi wọ inú ìfófó dé ìgúnpá. Mo gbọ́ "ṣíììììì", mo sì bínú. Mo ní nínú mi pé ọkùnrin yìí ti gbàgbé àdéhùn. Ìbínú yẹn kò tíì dé ọ̀fun mi nígbà tí ilẹ̀ gbọ̀n. Kì í ṣe ariwo bí ìbọn o, ó dà bíi pé ẹranko ńlá kan mí èémí. Ògiri tó ń bá mi gbẹ aṣọ là sí méjì. Nígbà tí ooru náà ká kúrò nílẹ̀, mo rí kóòtù káàkiri inú ẹrẹ̀ àti lórí gọ́tà, wọ́n na apá, wọ́n dojú bolẹ̀. Mo ń sáré láàárín wọn, mò ń tẹ ìka ẹsẹ̀ mi rọra kí n má baà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Mo rò pé ènìyàn ni wọ́n.

Ọkọ mi gbé ọjọ́ mẹ́fà ní ọsibítù. Iwájú bọ́ílà ló dúró sí, ó ń wo gíláàsì, nígbà tí ihò iná ya. N kò ní kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ohùn rẹ̀ ṣì wà, ojú rẹ̀ kan ṣì là.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọkùnrin mẹ́ta tó ń wádìí ìjàǹbá náà wá pẹ̀lú fáìlì. Wọn kò ṣe àfojúdi sí i. Wọ́n bọ́ fìlà. Èyí tó wọ awò ojú ló ń bi í léèrè.

"Bàbá, ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ló wà lára bọ́ílà yẹn. Kí ọ̀kan bàjẹ́, a gbà. Kí méjì bàjẹ́, ó ṣòro. Kí gíláàsì parọ́, kí aago yadi, kí iná kọ̀ láti kú, lọ́jọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà? Kò ṣẹlẹ̀ rí."

"Omi kún inú gíláàsì," ọkọ mi wí. "Ó tiẹ̀ kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ."

"Bàbá. Àwọn kan máa ń fi àkísà di aago kó má dí wọn lọ́wọ́ oorun."

"Mi ò sùn."

"Páìpù ìdọ̀tí ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń ṣí i lójoojúmọ́?"

Ọkọ mi yí ojú rẹ̀ kan yẹn sí mi. Ìdí bẹ́ẹ̀dì ni mo dúró sí, mo mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ìta láti inú lúfà. Ó wá dáhùn.

"Mo gbàgbé."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ bí bírò ṣe ń ha ìwé. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sọ pé, "Ẹni tó gbàgbé ti sùn náà nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn ló sáré ṣíwájú mi délé, ó sì dé ilé ìwé ọmọ mi. Òpó irin ọ̀hún àti páìpù rẹ̀ ti fọ́, wọ́n ti bá àlòkù irin lọ. Kò sẹ́ni tó wo inú wọn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọkọ mi ní, "Aṣọ rẹ ò gbẹ rárá lóṣù yìí."

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lẹ́yìn. Ó yẹ kí n sọ pé aṣọ mi ti gbẹ, pé àkísà ni, pé mo fi gba ààyè ni. Abẹ̀bẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́wọ́ mi.

"Òjò ni," mo ní.

"Òjò yẹn pọ̀ jù," ló ní.

Ó kú ní ọjọ́ kejì, a sì sin ín kí ìrun alásàárì tó tó. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó gbọ́ lẹ́nu mi tí ó ní ìtumọ̀ nìyẹn, irọ́ ni.

Láti ìgbà náà n kì í sá aṣọ funfun síta. Jàlàbíà tí ọmọ mi ń wọ̀ lọ kí Jímọ̀, ẹ̀yìn àga nínú yàrá mi ló ń gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n jẹ́ kí oòrùn pa á, mo ní oòrùn ń sọ ọ́ di yẹ́lò. Bí ará ilé kan bá sá tirẹ̀ sí àgbàlá, n kò lè jókòó kí n kẹ̀yìn sí i. Aṣọ funfun lórí okùn, tí kò lórí, tí kò lẹ́sẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá gbé apá rẹ̀ sókè, ó máa ń dà bíi pé ó fẹ́ sọ fún ẹnì kan pé kó ṣí i. N kì í lo ìkòkò tó ń súfèé. Bí agogo mẹ́wàá bá sì lù láàárọ̀, mo lè wà nídìí ẹ̀fọ́, mo lè wà nídìí ìrun, òórùn míńtì á gba iwájú mi kọjá. Mo ti béèrè rí lọ́wọ́ àwọn tá a jọ jókòó. Wọn kì í gbọ́ ọ.

Ní àìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi wá fún ìsinmi. Ọmọ ọmọkùnrin mi yìí náà ni, obìnrin ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ọjọ́ Àìkú ni, ọ̀sán ti pọ́n. Ó tẹ́ ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sílẹ̀ yàrá mi nítorí ilẹ̀ táìlì ibẹ̀ tutù, ó fi àyà dùbúlẹ̀, ó ń yàwòrán, ó ń jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù. Mo rí àpótí kan lókè ìwé, ìlà ń ti ara rẹ̀ ṣàn wálẹ̀, wọ́n ń ya ẹ̀ka.

"Kí lèyí?"

"Igi àṣìṣe la máa ń pè é, Màmá Àgbà. A ó kọ ìjàǹbá sókè. A ó wá bi í pé, ta ló bí ẹ? Ẹni tó bá dárúkọ, a ó tún bi òun náà pé, ìwọ ńkọ́, ta ló bí ẹ? Títí a ó fi dé ìdí."

"Bí ìgbà tí wọ́n bá ń wádìí ìdílé ìyàwó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ ò bá wá kọ́ wa ní kíláàsì."

Mo bi í pé ìjàǹbá wo ló kọ sókè yẹn. Ó ní, "Omi tán nínú bọ́ílà."

Kò mọ ohun tó sọ. Ó mọ̀ pé ẹnu iṣẹ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ kú sí, àmọ́ a kì í sọ ọ́ nílé wa kọjá ibẹ̀. Àpẹẹrẹ tí olùkọ́ wọn fún wọn ni. Mo rọra jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi.

Ó fi ìka hàn mí. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ló yà sábẹ́ àpótí òkè: gíláàsì, aago, ohun tó ń pa iná. Ó ní afárá kékeré tó so wọ́n pọ̀ yẹn túmọ̀ sí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ kú papọ̀ kí ìjàǹbá tó lè ṣẹlẹ̀.

"Ẹ wò ó," ó ní. Ó ṣa ìdérí ìgò míńírà mẹ́ta nílẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ilé fi ń ṣeré. "Ẹ jù wọ́n sókè. Ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo jù wọ́n. Ọ̀kan dojú bolẹ̀. Mo tún jù wọ́n. Méjì. Mo jù wọ́n títí apá fi ń ro mí kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ó ṣọ̀wọ́n, àbí? Bí bọ́ílà bá wá bẹ́, àwọn èèyàn á ní kò lè jẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bàjẹ́, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ló sùn." Ó yọ ṣíńgọ́ọ̀mù lẹ́nu, ó fà á sí méjì, ó fi lẹ ìdérí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra wọn, wọ́n di ẹyọ kan. "Ó yá, ẹ tún jù wọ́n."

Òórùn míńtì kún yàrá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dá mi lójú pé òun náà ń gbọ́ ọ.

Mo jù ú lẹ́ẹ̀mejì péré. Ẹ̀ẹ̀kejì, gbogbo rẹ̀ dojú bolẹ̀.

"Ẹ ti rí i. Wọ́n jọ mẹ́ta lójú, ọ̀kan ni wọ́n. Ara òpó kan ni wọ́n so mọ́, páìpù kan ló ń gbé omi wá fún gbogbo wọn." Ó fa ìlà láti ara ẹ̀ṣọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kó wọn jọ sínú róbótó kan nísàlẹ̀. "Bí ẹrẹ̀ bá dí páìpù yìí, omi inú òpó á dúró sójú kan, kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bọ́ílà mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú bọ́ílà gan-an, ọ̀dọ̀ òpó yìí ló ti ń gbàṣẹ. Á rò pé omi pọ̀, kò ní fà. Bọ́ílà á máa gbẹ, gíláàsì á ní omi wà."

"Omi gíláàsì á tiẹ̀ máa kún sí i," mo ní.

Ó gbójú sókè. "Ooru tó bá wọ òpó látòkè ló ń di omi níbẹ̀. Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá bàbá rẹ ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́."

Ó dìde jókòó. Ó wo ìwé, ó wò mí. Ohùn rẹ̀ ti relẹ̀. "Màmá Àgbà, ṣé bọ́ílà ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá fọwọ́ sí nǹkan kan nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ibi tó kọ pé wọn kò ṣí páìpù ìdọ̀tí. Àmì onígun mẹ́rin ni, ó dúró lórí igun rẹ̀ kan. Mo ní, "Èyí ńkọ́?"

"Ibi tá a ti dáwọ́ ìwádìí dúró nìyẹn. A lè bi í síwájú, àmọ́ a ò bi í. A kàn kọ ọ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ ọ gbàgbé."

"Kò gbàgbé."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ògiri, lúfà, àkísà mẹ́ta, abẹ̀bẹ̀, òjò. N kò sunkún. Ọmọ yẹn ló sunkún díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ún. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ là, eṣinṣin ń rìn lórí orúnkún rẹ̀.

"Dádì ò mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Mo lè fi àmì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò ní bi mí."

Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Wọn kò bi èmi náà. Ṣùgbọ́n mo ń wo ọmọ mi lórí àga. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún lọ́jọ́ orí, ó ṣì ń dúró de ẹni tó máa sọ fún un pé kó dìde lẹ́nu iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Bí mo bá kú láìsọ ọ́, á jókòó síbẹ̀ títí.

"Pè é wá," mo ní.

Ó wọlé, kò jókòó. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi igi hàn án. Ojú oníṣẹ́ ọwọ́ ló fi wò ó. Ẹni tó ń tún fíríìsà ṣe kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé páìpù tó dí fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìsàlẹ̀, èmi ni mo gbà á lẹ́nu ọmọbìnrin náà, mo sọ àdéhùn aṣọ funfun fún un.

"Aṣọ wo?" ó bi mí.

"Àkísà. Mẹ́ta. Mo fi gba ààyè lórí okùn."

"Ẹ fi gba ààyè."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá wá ń rí i, wọ́n rò pé aṣọ yín kò tíì gbẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n sì sọ fún àwọn olùwádìí pé àwọn gbàgbé."

"Nítorí tèmi ni. Wọn ìbá lé mi náà lẹ́nu iṣẹ́. Ta ni ì bá tọ́ ẹ?"

Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí n kò retí. Ó yi ẹnu pọ̀, ó hanrun. Ó hanrun lẹ́ẹ̀mẹta, bí àwọn ọmọ ìgbà náà ṣe máa ń ṣe é, tòun ti ìfé tí wọ́n máa ń fi parí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bo ẹnu.

"Ẹ̀ ń gbọ́ ọ nígbà yẹn, Màmá. Ojú fèrèsé yín ni wọ́n ti ń ṣe é."

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Ẹ kò sọ nǹkan kan."

"N kò sọ nǹkan kan."

Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ó gba bírò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ orúnkún sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ àmì onígun mẹ́rin yẹn, ó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i pẹ̀lú ọwọ́ ńlá rẹ̀: aṣọ gbígbẹ. Ó wò ó. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ìwé náà, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì mi. Lẹ́yìn díẹ̀ ó nà sílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ na ẹ̀yìn lásán ni. Ó gbé apá bo ojú.

Ọmọbìnrin náà ká ìwé rẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jáde. Èmi ń wo àyà ọmọ mi tó ń lọ sókè sódò. Apá yẹn wá yọ̀ kúrò lójú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣí, ìka rẹ̀ dẹ̀, ó sì hanrun lóòótọ́, jẹ́ẹ́jẹ́, bí bàbá rẹ̀.

Jàlàbíà rẹ̀ wà lẹ́yìn àga lókè orí rẹ̀, apá rẹ̀ kan rọ̀ wálẹ̀. Mo ń ṣọ́ aṣọ náà pẹ̀lú.

Oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn, ó wá wo fíríìsà rẹ̀. Ó ń ké láti ìta, "Ọ̀gá! Ọ̀gá dà?" Mo dìde, mo lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ìka sí ètè.

"Ó ń sùn," mo ní. "Ẹ padà wá tó bá di ìrọ̀lẹ́."